Olùdáhùn Kẹrin

Ọjọ́ Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Àwọn tó ń wá bá wa kẹ́dùn ti dín kù. Àwọn obìnrin kan wá láti Ilé-Ogbó lónìí, wọ́n ṣàdúà fún Bàbá, ojú wọn sì ń lọ sí ìdí ìkòkò bóyá nǹkan fidáù ṣì kù. Mo ní ó ti tán. Ó ti tán lóòótọ́.

Ọyẹ́ ọdún yìí kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ètè mi ti là, eruku sì bo gbogbo nǹkan. Ìyá mi wà ní yàrá, opó ló dè wọ́n mọ́lẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ yọjú síta fún oṣù mẹ́rin ó lé. Bí mo ṣe ń gbé oúnjẹ wọlé tọ̀ wọ́n ni mo ń gbé e jáde.

Dókítà Oyèdàmọ́lá, tí wọ́n ń bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù: "Kareemah, kú àrafẹ́rakù. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Orí Kẹrin ńkọ́? Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Èrèlè ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà, ó di ọdún tó ń bọ̀." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò dùn mí, kò sì bà mí lẹ́rù. Mo ní ẹ ṣé, mà.

Ọjọ́rú, 15 Ṣẹ́rẹ́

Àwọn ọmọ kéwú mú owó Àlàrùbá tí wọ́n ń san fún alfa lọ́jọ́rú wá bíi ti tẹ́lẹ̀. Bọ̀dá Sobur ló jókòó sórí awọ àgùntàn Bàbá tó ń gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ni, Abdulsobur ni wọ́n ń jẹ́, àwọn ló sì ni ilé kéwú lọ́wọ́ báyìí. Wọ́n na ọmọ kan tó ń sùn. Bàbá kì í na ẹni tó bá ń sùn. Wọ́n á ní ẹni tó ń sùn ò kúkú ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò dá sí i.

Jímọ̀, 17 Ṣẹ́rẹ́

Kò sí iná. Mi ò kọ nǹkan kan. Mi ò sunkún náà, àwọn èèyàn sì ń wò mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Ṣẹ́rẹ́

Mo jókòó ti Orí Kẹrin. Iṣẹ́ mi dá lórí bí àwọn alfa àgbà ṣe ń kọ́ ọmọ ní kéwú láyé àtijọ́. Alfa mẹ́rin ni mo fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò: ti Kuta, ti Ilé-Ogbó, ti Olúpọ̀nnà, àti Bàbá mi níbí. Ilé-ìwé ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí náà Bàbá ni Olùdáhùn Kẹrin. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún wọn. "Kẹrin kẹ̀? Nínú ilé tí mo kọ́?"

Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tán. Ti Bàbá wà nínú fóònù, látòkè délẹ̀, bí mo ṣe gba ohùn wọn sílẹ̀ nínú oṣù Bélú. Mo gbé ìka lé e, ìka ò tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Ìka náà kàn dúró síbẹ̀ ni, bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Mo lọ wá abala ìwé tí mo sáré kọ nǹkan sí lọ́jọ́ náà: "wàláà, ìdí tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́", "ẹgba, kò pọ̀", "owó Àlàrùbá kì í ṣe owó ọ̀yà". Ìyẹn ò lè kún ojú ewé kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹ́rẹ́

Peter wá. Kíláàsì kan náà la jọ wà, ó ń ṣe tíṣà ní Olúpọ̀nnà, ó sì gbé ọ̀sàn wá fún Ìyá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá láìwọlé, ó ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì mí, ó wo Orí Kẹrin mi, ó mí kanlẹ̀.

"Kareemah, ta ló tún ń fi ọwọ́ ṣe èyí? Ṣé o ò mọ AI ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n lórúkọ."

"Orúkọ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́." Ó gba fóònù mi, ó gbé ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé náà sí i. "Sọ fún un bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́. Sọ ẹni tó o jẹ́ àti ohun tó o fẹ́, kó o sì fún un ní kókó. Tèmi, òun ló ràn mí lọ́wọ́ láti Orí Kìíní dé Orí Karùn-ún."

"Ṣé kì í ṣe irọ́?"

"Irọ́ kẹ̀? Ṣé orí ọlọ lo ti ń lọ ata ni? Ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́. Ata rẹ ṣì ni. Ṣùgbọ́n ṣáà máa yẹ̀ ẹ́ wò." Ó bi mí pé kí ni wàláà. Mo ní pákó tí ọmọ kéwú ń kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ni. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n sórí tán, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á kọ òmíràn. Ó ní ìyẹn wu òun.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Ṣẹ́rẹ́

Mo fún ẹ̀rọ náà ní kókó inú abala ìwé yẹn. Mo ní: alfa àgbà kan ní Ìwó, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, onísùúrù ni, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún. Omi tí mo gbé kaná ò tíì hó tí ó fi parí. Òyìnbó tó gún régé ni. Olùdáhùn Kẹrin ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé sórí rédíò.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ nípa wàláà fífọ̀. Mo kà á, mo ní èyí dára. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sínú Orí Kẹrin. Ó yẹ kí inú mi dùn pé mo rí nǹkan ṣe. Mo mu tíì, mo sùn.

Ọjọ́bọ̀, 30 Ṣẹ́rẹ́

Dókítà pè mí, ohùn wọn lọ sókè tí Ìyá mi fi gbọ́ ọ nínú yàrá.

"Kareemah! Olùdáhùn Kẹrin yìí! Ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ wàláà yẹn, inú rẹ̀ la ti máa mú àkọlé iṣẹ́ rẹ. Ta ni bàbá náà?"

"Bàbá mi ni, mà."

Wọ́n ní ẹni tó bí irú èmi kò kú. Mo ní ẹ ṣé, mà.

Ìyá mi ní kí ni obìnrin yẹn ń pariwo sí. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Kí ni Alfa wá sọ?" Òyìnbó ni, n ò sì lè kà á bẹ́ẹ̀ fún wọn, mo bá yí i sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀. Mo ní: "Bí a bá fọ wàláà, ohun tó wà lára rẹ̀ ò nù; inú ọmọ ló kó sí."

Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi, ó di ti Bàbá. Mo gbọ́ bí ó ṣe dà bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. "Wọ́n fọ Alfa náà kí wọ́n tó sin wọ́n," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́ ìró omi náà láti ibi tí mo jókòó sí." Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n jẹ oúnjẹ alẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní kí n bu ọbẹ̀ sí i. Nǹkan kan mì nínú mi díẹ̀. Bóyá ayọ̀ ni. Kò pẹ́ tó fi lọ.

Ọjọ́rú, 5 Èrèlè

Wọ́n ti ń ta kajú lójú ọ̀nà Kuta. Gàrí tún gbówó lórí. Àwọn ọmọ kéwú ń ké ọ̀rọ̀ wàláà náà mọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Bọ̀dá Sobur ló kọ́ wọn. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá, Ìyá gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Èrèlè

A ṣe àdúà ogójì ọjọ́ Bàbá lónìí. Oòrùn mú. Bọ̀dá Sobur ṣe wàásù, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀: "Alfa Múráínà ní, bí a bá fọ wàláà, ohun tó wà lára rẹ̀ ò nù." Alfa Kuta tó jẹ́ Olùdáhùn Kìíní mi bọ́ fìlà, wọ́n fi nu ojú. Wọ́n ní Múráínà kò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ gidi han èèyàn nígbà ayé rẹ̀, ó fi í pamọ́ fún ọmọ rẹ̀. Gbogbo èèyàn wò mí, wọ́n ń ṣàdúà fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣe àmín. Orúnkún dùn mí, nǹkan míì ò ṣe mí.

Bọ̀dá Sobur ti gba ẹni tó ń kọ pátákó. Ó ti fi ọ̀dà búlúù kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sí iwájú ilé kéwú, ó sì kọ orúkọ Bàbá sábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ò lè jáde lọ wò ó. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí mo bá bọ́ opó, iwájú ògiri yẹn ni màá kọ́kọ́ dúró." Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ ohunkóhun tó jẹ mọ́ ìta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlè

Dókítà ní ẹni tó máa wá yẹ iṣẹ́ wa wò láti ilé-ìwé mìíràn kì í fẹ́ àgbọ́sọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ Olùdáhùn Kẹrin ti wà lójú ìwé àkọ́kọ́, kí n mú ohùn náà wá, kí n sì kọ ibi tó ti sọ ọ́ gan-an sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà, mà.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlè

Mo tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ igi lẹ́yìnkùlé ni mo ti gbọ́ ọ, mo gbé fóònù sí etí lábẹ́ ìbòrí mi.

Bàbá wúkọ́. Odó ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọmọ ń ké. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń béèrè ọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń fọ wàláà?" Wọ́n ní:

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Wàláà kan ṣoṣo lọmọ ní. Bí a ò bá fọ̀ ọ́, ibo la fẹ́ kọ ti ọ̀la sí? Àbí ìwọ ló fẹ́ máa ra pákó fún wọn?"

Ìyẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa wàláà. Mo gbọ́ ọ dé òpin, mo tún un gbọ́. Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ ẹgba ni, ọ̀rọ̀ owó Àlàrùbá, àti wàhálà ilé. Kò sí inú ọmọ níbẹ̀, kò sí ohun tí kò nù.

Mo bi ẹ̀rọ náà pé ibo ló ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní kí n má bínú, ìbéèrè mi tọ́. Ó ní òun kàn kọ ọ́ bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ ṣe lè sọ ọ́ ni. Ó wá béèrè bóyá kí òun kọ mẹ́ta sí i kí n lè mú èyí tó bá wù mí.

Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí. Mo gbọ́ ohùn Bàbá mi, ojú mi gbẹ. Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlè

Mo pe Peter. Ó ní, "Mo sọ fún ọ pé kó o máa yẹ̀ ẹ́ wò." Ó tún ní, "Wò ó, fi sílẹ̀. Wí pé ohùn náà ti bàjẹ́ nínú fóònù. Ta ló fẹ́ lọ bi òkú léèrè?" Mo ní ó dàárọ̀. Ọ̀sán ni.

Jímọ̀, 21 Èrèlè

Nígbà tí Bọ̀dá Sobur ti ìrun Jímọ̀ dé, mo kúnlẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ wàláà yẹn, Bàbá kọ́ ló sọ ọ́.

Wọ́n ní, "Lẹ́nu ta lo wá ti gbọ́ ọ?"

Ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi ń dá oníwàásù dúró nílé wa. Bó o gbé ọ̀rọ̀ ànábì wá, bó o gbé ọ̀rọ̀ alfa wá, o máa sọ ẹni tó o ti gbọ́ ọ, àti ẹni tí ìyẹn ti gbọ́ ọ. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó bi mí láti ọjọ́ yìí. Ọmọ bíbí inú ni mí, mo jókòó tì wọ́n, ẹnu mi tó.

Mo ní, "Ẹ̀rọ ló kọ ọ́."

Wọ́n wo ògiri lókèèrè. Ọ̀dà náà ṣì ń dán. "Ṣé ọ̀rọ̀ náà burú ni?"

"Kò burú."

"Ṣé kò jọ ohun tí Bàbá lè sọ?"

"Ó jọ ọ́. Wọn ò sọ ọ́."

"Kareemah." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ìyá fi ń sùn. O rí i pé wọ́n ti ń jẹun. Bó o bá gbà á lọ́wọ́ wọn, kí lo fẹ́ fi dípò rẹ̀?"

Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n pa ẹnu mọ́ títí opó yóò fi parí. Wọn kì í bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlè

Mo jẹ́wọ́ fún Dókítà ní ọ́fíìsì wọn. Wọn ò pariwo, èyí ló burú jù. Wọ́n tú ojú ewé náà wò, wọ́n tún un wò. "Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí nílé ìsìn wa lánàá," ni wọ́n wí. "Mo ní bàbá Mùsùlùmí kan ní Ìwó ló sọ ọ́."

"Ẹ forí jì mí, mà."

"Ìwọ nìkan kọ́ ló ń lo ẹ̀rọ. Èmi náà ń lò ó, ó ń bá mi tún gírámà ṣe. Ṣùgbọ́n o gbé ọ̀rọ̀ sí ẹnu bàbá rẹ, tí bàbá rẹ ò sì sí níbẹ̀ láti tu ú dànù." Wọ́n fi gègé fa ìlà pupa lu gbogbo Olùdáhùn Kẹrin. "Lọ gbọ́ ohùn rẹ̀, kó o tẹ ohun tó sọ. Bó bá dé ọwọ́ mi ní Jímọ̀, ó dé. Bí kò bá dé, o mọ̀."

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlè

Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi sọ̀rọ̀ sí mi létí. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní kí n tún ìbéèrè béèrè dáadáa. Wọ́n gbàgbé ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n ní èmi ni mo gbé e lọ. Orí Kẹrin ti kúrú, kò sì dùn ún kà. Òjò ṣú, kò rọ̀.

Jímọ̀, 28 Èrèlè

Mo gbé e fún Dókítà láàárọ̀. Wọ́n ka Olùdáhùn Kẹrin lórí ìdúró. Wọ́n ní, "Kò dùn tó ti àkọ́kọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbi tí Bàbá ti sọ̀rọ̀ pákó. Wọ́n buwọ́ lù ú. Ó ti wọlé.

Mo dé ilé lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Àwọn èèyàn ti ń múra àtiwo oṣù ààwẹ̀. Ìyá mi ní kí n jẹ́ kí àwọn fọwọ́ kan ẹ̀dà ìwé náà tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ọwọ́ pa iwájú rẹ̀. "Níbo ni ọ̀rọ̀ Alfa wà níbí?"

Mo lè tọ́ka sí ibikíbi. Wọn ò mọ ìwé òyìnbó. Bọ̀dá Sobur dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń mi orí sí mi pé kí n má sọ ọ́.

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀, Ìyá. Bàbá ò sọ ọ́. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, èmi ni mo wí pé Bàbá ni."

Ojú wọn ò yí padà. Wọ́n ń fọwọ́ pa ìwé náà síbẹ̀. "Ẹ̀rọ," ni wọ́n wí. "Ṣé ó mọ̀ wọ́n ni?"

"Kò mọ̀ wọ́n."

"Kí ni Alfa fúnra wọn wá sọ?"

Mo gbé fóònù sórí ẹní, mo tẹ̀ ẹ́. Ikọ́, odó, àwọn ọmọ. *Wàláà kan ṣoṣo lọmọ ní. Bí a ò bá fọ̀ ọ́, ibo la fẹ́ kọ ti ọ̀la sí? Àbí ìwọ ló fẹ́ máa ra pákó fún wọn?*

Ìyá mi fi imú rẹ́rìn-ín. "Alfa ahun," ni wọ́n wí. Wọ́n wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Sobur, wá ọ̀dà funfun. N ò gbọdọ̀ bá nǹkan yẹn lára ògiri." Bọ̀dá Sobur ní ó dáa, Ìyá.

Mo na ọwọ́ kí n pa fóònù. Ìyá gbá ọwọ́ mi kúrò. Bàbá ń sọ̀rọ̀ ẹgba lọ nínú fóònù, wọ́n ń ṣàlàyé, àfi bí wọ́n ṣe já a sí igbe: "Ìyá Sobur! Ewúrẹ́ ti wọnú èlùbọ́ tó o sá o!"

"Mo ń bọ̀ o, Alfa!"

Ìyá mi ló dáhùn, lórí ẹní. Wọ́n ti fọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n ti gbé ìdí sókè, orúnkún kan ti dúró. Ìgbà náà ni ohùn tiwọn tó wà nínú fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dáhùn: "Mo ń bọ̀ o, Alfa!" Sálúbàtà ń fò lọ síbi èlùbọ́.

Ìyá ò jókòó padà, wọn ò sì dìde. Ẹkún gbé mi níbẹ̀, ó gbé mi gan-an, mo fi aṣọ di ẹnu.

"Má pa á," ni Ìyá mi wí. "Wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ wọn."